Ẹni Tó Mú Ìyá Rẹ Lọ Sílé Ìwòsàn

Kokomlemle, Accra.

Múínátù, Àníkẹ́ mi, dókítà tí mo bí lọ́mọ,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Gbogbo àgbàlá kí ọ, títí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá tí wọn ò mọ̀ ọ́ rí. Ìyá rẹ ti sọ ìròyìn rẹ fún wọn dé ibi pé wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Dókítà. Ara wa le, inú wa sì dùn débi pé ẹ̀rín ti fẹ́ di oúnjẹ àárọ̀ nílé yìí.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ wa dé ilé rẹ kò ju ọkọ̀ èrò, tròtrò, méjì lọ, tí fóònù sì wà lọ́wọ́ èmi àti ìwọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá ti ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀," ẹnu mi á yà síbòmíràn. Màá béèrè bóyá o ti jẹun, màá béèrè bóyá bátìrì mọ́tò rẹ ṣì dáa, màá sì pa fóònù. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kọ̀ láti gba ẹnu jáde. Mo ní kó gba ọwọ́.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé o ń gbọ́ ọ ju bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ, mo sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì á yá ọ ní kíkà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò kọjá èyí tí a fi ń bẹ oníbàárà pé kó padà wá lọ́la. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, kà á sókè. Etí rẹ á dá a mọ̀ kí ojú rẹ tó dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ tí yunifásítì fi yàrá ìwádìí lé ọ lọ́wọ́. Orúkọ rẹ wà lára ilẹ̀kùn, orúkọ bàbá mi tó gbé ẹrù lórí wá láti Ṣakí sì tẹ̀lé e. Mo dúró, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ ní kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà, pé àwọn èèyàn fẹ́ kọjá.

O mú wa wọlé. O fi ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí hàn wá. O ní kí ìyá rẹ gbé ojú lé e. Ó gbé ojú lé e, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Múínà, wọ́n rẹwà." Lẹ́yìn náà ni ojú tì í. Ó ní, "Ṣé ohun tó fẹ́ pa mí ló rẹwà báyìí?" O rẹ́rìn-ín, o sì dì mọ́ ọn. O wá ṣàlàyé fún wa pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa máa ń ránṣẹ́ sí ara wọn ní gbogbo ìgbà. Òmíràn ń sọ pé dàgbà, òmíràn ń sọ pé dúró, òmíràn ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, máa lọ. O ní nínú jẹjẹrẹ ọmú, sẹ́ẹ̀lì kan á máa gbọ́ "dàgbà, dàgbà" láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́, kò sì ní gbọ́ "dúró" mọ́. O ní iṣẹ́ rẹ ni láti wá ibi tí iṣẹ́ èké yẹn ti ń wá, kí ẹ lè pa á lẹ́nu mọ́. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ wáyà mọ́tò. Inú mi dùn pé ọmọ mi fi ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyẹn yé mi láìrẹ̀ mí sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn lo dìde níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. O ní nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àìsàn yìí mú ìyá rẹ. O ní ohun tó gbà á là ni pé bàbá rẹ, oníwáyà mọ́tò tí kò kàwé púpọ̀, mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n rí kókó náà gan-an. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó lápá ọ̀tún mi bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Lápá òsì, ìyá rẹ di ọwọ́ mi kejì mú, ó sì fún un pinpin.

Àníkẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo mú ìyá rẹ lọ.

Màá sọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ìmọ̀ràn díẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ bí o ṣe di ọ̀gá yìí. Gbogbo wọn ni mo fi àṣìṣe rà.

Èkíní. Bí o kò bá mọ nǹkan, tètè sọ pé o kò mọ̀ ọ́n.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mẹ́ńsà, bàbá Fante tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Abossey Okai. Lọ́jọ́ kan ó lọ síbi ìsìnkú, ó fi ṣọ́ọ̀bù ṣọ́ mi. Tíṣà kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá, ó ní fèrè rẹ̀ kò dún mọ́. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?" Àwọn fítà, àwọn mẹkáníìkì àdúgbò, yí wa ká, wọ́n ń wò mí. Ṣé kí n ní n kò mọ̀ ọ́n ṣe? Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ ò ní mu omi tán." Mo gé wáyà kan, mo gé èkejì, mo so wọ́n pọ̀ bí ọkàn mi ṣe sọ. Fèrè dún lóòótọ́. Ó dún, ó kọ̀, kò dákẹ́ mọ́. Mo fọwọ́ gbá a, ó ń dún. Mo pa mọ́tò, ó ń dún. Àwọn tó ń ta páátì mọ́tò ní òdìkejì títì ti ń jáde wá wòran. Nígbà tí mo já orí bátìrì ni àlàáfíà tó padà sí Abossey Okai.

Ọ̀gá Mẹ́ńsà dé lọ́jọ́ kejì. Kò lù mí. Ó ní, "Gàníyù, ṣé o mọ ibi tí wáyà yẹn ti ń bọ̀?" Mo ní rárá. "Ṣé o mọ ibi tó ń lọ?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí ló wá dé tí o fi gé e?" Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún ohun tí mo fi ìṣẹ́jú díẹ̀ bàjẹ́ ṣe, tíṣà náà sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé. Abéèrè kì í ṣìnà, ọmọ mi. Nísinsìnyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé á máa pè ọ́ ní Dókítà, tí wọ́n á máa wo ẹnu rẹ, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ "n kò tíì mọ̀" lẹ́nu rẹ dáadáa. Àwọn náà á lè máa sọ ọ́.

Èkejì ni sùúrù. Takisí kan wà tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀, ó kú nìyẹn. Bí oòrùn bá ràn, á tún máa lọ. Àwọn fítà mẹ́rin ti pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀. Ọ̀gá Mẹ́ńsà gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó ń fi kẹ́tùlù bu omi sí i níbì kan lóòjọ́, á dúró, á wò ó, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ó sú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tú gbogbo wáyà rẹ̀ dànù." Ó ní, "Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ dànù, a ò ní mọ ohun tó ṣe é láé." Lọ́jọ́ kọkànlá, ó rí wáyà kan lábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé, tí ara rẹ̀ bó. Ibi tó bó náà kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Ó jó, Múínà! Àgbàlagbà tó ní irun funfun jó yí takisí ká!

Lọ́dún tó kọjá, o pè mí, o ń sunkún, o ní iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo wá ní kí o lọ jẹun. Ohun tí ó yẹ kí n sọ nìyí: oṣù mẹ́jọ yẹn, omi lo ń bù sí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀. Ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ náà, ó yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o sì bu omi síbòmíràn lọ́la.

Lórí ọ̀rọ̀ dumsọ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ó yẹ kó ní nọ́ńbà tirẹ̀ ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ṣì í kà. Mo rí fìríìjì ńlá tí ẹ ń kó sẹ́ẹ̀lì sí. Mo rí bátìrì tí wọ́n ní á máa gbé e bí iná bá lọ. Bátìrì yẹn ò dá mi lójú. Torí aṣọ tí mo wọ̀ ni mo ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Màá wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ mi. Má bá mi jà.

Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa ọkọ tí wàá fẹ́ síbí. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni mo ti ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú oṣù ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. O wà lóde lọ́dọ̀ Àńtí Dẹ̀dẹ̀, ìyá Ga tó ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń fi ewé wé, nínú àgbàlá wa, ò ń bá a wẹ ewé àgbàdo. Ìyá rẹ pè mí wọ yàrá. Ó ní, "Bàbá Múínà, ẹ fọwọ́ kàn mí níbí." Ó fi ọwọ́ mi lé ọmú rẹ̀ òsì. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le, ó dà bí èkùrọ́. Ó ń wò mí lójú, ó ń dúró de ohun tí màá sọ.

Àníkẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi mú mi lọ sí Ṣakí, a bá àbúrò ìyá mi obìnrin nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Ọmú rẹ̀ ti di egbò. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ àìsàn náà. Wọ́n kàn ń gbé omi wọlé, wọ́n ń gbé e jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a padà dé Accra ni a gbọ́ ikú rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nínú yàrá yẹn kò kúrò lára mi rí. Bí mo ṣe fọwọ́ kan kókó yẹn, ẹ̀rù náà dìde, ó fi ohùn mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọmú tí ọmọ ti mu, kò lè ṣàìní kókó. Má wá àìsàn tí kò wá ọ."

Ìyá rẹ ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú.

Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo jágbe mọ́ ọn. Kò sọ ọ́ mọ́. Ó ń lọ sí ọjà Makola lóòjọ́, ó ń ta aṣọ rẹ̀, ó ń dáná. Èmi náà ń lọ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà ààwẹ̀ títí Iléyá fi dé, mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, ìyá rẹ ń sá aṣọ sórí okùn. Bó ṣe na apá òsì sókè, ó kérora. Àńtí Dẹ̀dẹ̀ rí i. Ó bi í léèrè, ìyá rẹ sì sọ fún un. Obìnrin yẹn ń po kẹ́ńkẹ́ lọ́wọ́ o. Ó fọ ọwọ́, ó bo ìkòkò, ó wọ bàtà, ó mú ìyá rẹ wọ tròtrò. Ó fi odindi ìkòkò kẹ́ńkẹ́ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ kó kan.

Mo dé láti Abossey Okai, mo gbọ́ ibi tí wọ́n lọ. Mo dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Mo ní, "Àńtí, ta ló fún yín láṣẹ láti mú ìyàwó mi lọ síbì kankan?"

Àńtí Dẹ̀dẹ̀ ò tilẹ̀ dúró. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí ló fi pè mí. Ó ní, "Ei, Alata! Pariwo rẹ, má jẹ́ kó kù. Tí o bá parí, wá aṣọ tó mọ́, dókítà ní kó padà wá lọ́la, ìwọ lo sì máa mú un lọ."

Mo wọlé, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn, o ní, "Bàbá, kí ló ṣe yín?" Mo ní iyanrìn ló kó sí mi lójú.

Ọ̀la yẹn ni ọjọ́ tí ìwọ mọ̀. O rí i tí mo wọ aṣọ Jímọ̀, tí mo di ìyá rẹ lọ́wọ́ mú, tí a jáde. Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ, mi ò sì fìgbà kan sọ fún ọ pé orí rẹ̀ ti já.

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan, bi ìyá rẹ pé, "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?" Ìyá rẹ wò mí. Mo ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò tíì pẹ́." Dókítà ní ó dáa, torí bó bá pẹ́ jù báyìí lọ, ọ̀rọ̀ ì bá ti di òmíràn.

Ìyókù, ojú rẹ ló ṣe. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ọmú òsì. Wọ́n ń fa oògùn sí i lára títí irun orí rẹ̀ fi re tán. Gbogbo ọjọ́ oògùn ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo jókòó tì í. Èmi ni mo ń di irun rẹ lọ sílé ìwé nígbà yẹn, bí ẹni ń so wáyà. Tíṣà rẹ kọ̀wé sílé láti béèrè bóyá ẹnì kan ń bá ọ jà. Ìyá rẹ kà á lórí ibùsùn, orí rẹ̀ ń dán, ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé kò ní kú.

Kò sì kú. Ó wà níbí, ó ń jẹ ẹ̀pà sórí ìwé tí mo fi ń kọ̀wé.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lé ní ogún. Mo wá fi ẹ̀kọ́ mẹ́ta fún ọ nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù a máa wọ aṣọ ọgbọ́n, á máa sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Bí ohùn kan nínú rẹ bá ní "kò sí nǹkan kan níbẹ̀, má wò ó," yálà nínú ara rẹ ni tàbí nínú iṣẹ́ rẹ, wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí obìnrin kan bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má bá a wí. Ó lè jẹ́ pé ó ti sọ ọ́ nílé, tí ẹnì kan bíi tèmi pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ránṣẹ́ pe ọkọ. Ẹ bá ọkọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà á. Èyí tó gbẹ̀yìn, má jẹ́ kí ìtàn tó dùn ún gbọ́ borí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ bàbá rẹ ni ìtàn náà ń yìn.

Mo bi ìyá rẹ lọ́jọ́ Sátidé pé kí ló dé tó fi bò mí láṣìírí níwájú dókítà. A ò sọ ọ́ rí láti ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Mo nílò ọkọ tó máa jókòó tì mí. Ọkọ tí ojú ń tì á sá lọ sí Abossey Okai." Bẹ́ẹ̀ ló kàn ń bá ìrẹsì tó ń ṣà lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá Àńtí Dẹ̀dẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó ta kẹ́ńkẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo sọ ohun tí o sọ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí pé mo gba pàtẹ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Alata, ogún ọdún lo fi gbé e? Ìkòkò kẹ́ńkẹ́ kan péré ni!" Mo ní kì í ṣe ìkòkò kẹ́ńkẹ́, ìyàwó mi ni. Ó nu ojú rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Múínà mọ̀?" Mo ní o máa mọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní inú òun dùn, pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí yàrá náà kí ẹsẹ̀ òun tó kọ̀ pátápátá.

Ní ìpàdé àwa oníwáyà àti àwọn fítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dìde, mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Lẹ́yìn ìpàdé, ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò lọ́dà, tó ti ń bá mi ṣọ̀rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ dúró tì mí, kò wò mí lójú. Ó ní, "Alàájì, ìyàwó mi sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi lóṣù tó kọjá." Mo ní, "Kí lo sọ fún un?" Ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Mo ní kó lọ sílé, kó mú un lọ sílé ìwòsàn. Lónìí ó pè mí láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kókó náà ò léwu, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ń pariwo lórí fóònù, ìyàwó rẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà ń pariwo.

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tó ń rí ohun kékeré, ọwọ́ tí kì í kánjú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n á fọ ọwọ́ iṣẹ́ tiwọn láti bá ọ gbé tìrẹ. Kí àwọn obìnrin tí o kò ní mọ orúkọ wọn láé di ìyá àgbà nítorí iṣẹ́ rẹ.

Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá rẹ á se ẹja, Àńtí Dẹ̀dẹ̀ á wà níbẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ìwọ ni wàá fi mọ́tò gbé e lọ wo yàrá rẹ. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, má dúró kó rọ̀ kí o tó wá. Gbé ìbínú náà wọ mọ́tò, máa bọ̀. Mo ti dúró dè ọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Gàníyù.